Páàdì géèmù ayé àtijọ́ lórí ẹ̀rọ òde òní: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Páàdì géèmù tó rí bíi ti ayé àtijọ́ ti padà sórí àtẹ. Àwọn tó gbá Mario àti Contra nígbà èwe ń rà á fún ara wọn, wọ́n sì ń rà á fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìrísí kọ́ ló ń mú páàdì ṣiṣẹ́. Bí ẹ kò bá bèèrè ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é fún, ẹ lè gbé e délé kí ẹ̀rọ yín má dá a mọ̀ rárá.

Ẹ ka bọ́tìnì rẹ̀

Famicom tí Nintendo gbé jáde ní Japan lọ́dún 1983 ní bọ́tìnì tó ṣe bí àgbélébùú lọ́wọ́ òsì, A àti B sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Super Famicom ti ọdún 1990 fi X, Y, L àti R kún un. Fún géèmù àtijọ́, ìyẹn tó.

Àmọ́ tó bá jẹ́ Call of Duty lẹ fẹ́ gbá, ẹ nílò ánálọ́ọ̀gì méjì, ìyẹn àwọn tí àtàǹpàkò ń yí, pẹ̀lú L2 àti R2. Páàdì bíi 8BitDo SN30 Pro jọ ti Super Famicom, síbẹ̀ ó ní gbogbo wọn.

Ẹ̀rọ wo lẹ ní?

Switch, kọ̀ǹpútà Windows àti fóònù Android kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. PS5 àti Xbox ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Xbox kì í lo páàdì Bluetooth rárá; páàdì tí wọ́n bá dìídì ṣe fún un ló ń lò. Kódà páàdì PS4 tó jẹ́ ti Sony fúnra rẹ̀, géèmù PS4 nìkan ló ń gbá lórí PS5.

Bí ẹ ṣe máa so ó pọ̀

Páàdì kan náà lè ní ọ̀nà ìsopọ̀ mẹ́rin. Lórí SN30 Pro, ẹ tẹ Start pọ̀ mọ́ Y fún Switch, X fún Windows, B fún Android, A fún Mac. Lẹ́yìn náà, ẹ di bọ́tìnì ìsopọ̀ tó wà lókè rẹ̀ mú títí iná rẹ̀ á fi máa sáré. Lórí Switch, ẹ lọ sí Controllers, kí ẹ tẹ Change Grip/Order. Lórí àwọn yòókù, ẹ wá a nínú Bluetooth. Ọ̀pọ̀ tó sọ pé páàdì àwọn ti bàjẹ́, ọ̀nà ìsopọ̀ ni wọ́n ṣì yàn.

Ohun kan tún wà tó máa ń da èèyàn rú: A ti Nintendo wà lápá ọ̀tún, ti Xbox wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, géèmù Windows lè ní kí ẹ tẹ A, kó jẹ́ pé B ló wà níbẹ̀ lórí páàdì yín. Steam ní ibi tí ẹ ti lè yí i padà.

Ẹ dán an wò lójú ọlọ́jà

Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, kí ẹ kọ joy.cpl, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ di apá òsì àgbélébùú náà mú, kí ẹ máa mi àtàǹpàkò yín díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń fò sókè tàbí sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ẹ dá a padà. Àìsàn páàdì olówó pọ́ọ́kú nìyẹn, kò sì sí ètò kankan lórí kọ̀ǹpútà tó lè wò ó sàn.

Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà nítòsí, ẹ fi fóònù yín dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.