Ebi Ni Í Tú Ọ̀wọ́ Ẹja Ká

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òwe yìí kò mọ sọ́dọ̀ ọmọ ènìyàn nìkan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn rí láàrin ẹja inú omi.

Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Glasgow, ní ilẹ̀ Skọ́tláńdì, gbé ìwádìí kan jáde nípa irú ẹja kéékèèké kan tí ó máa ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó ṣíwájú ni ó ń rí oúnjẹ jẹ jù; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n a máa fà sẹ́yìn. Ìdí ni pé kí oúnjẹ tó dà nínú, yóò gba agbára àti èémí púpọ̀, èyí tí ó ṣẹ́kù kì í sì í tó láti fi léwájú.

Ti ẹja àrọ̀ le ju èyí lọ. Ọmọ ìyá kan náà lè jọ wà nínú odò àdágbẹ́ kan, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí àwọn kan fi ń tóbi ju àwọn yòókù. Bí ebi bá dé, èyí tí ó tóbi a ki ọmọ ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá tí ì gbòòrò, ìrù ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, a sì fi orí sílẹ̀. Bí ó bá gbòòrò tán, odindi ni yóò gbé e mì. Èyí tí ó jẹ a tún mú un tóbi sí i, kí ó lè pa òmíràn jẹ.

Omi gbígbóná a máa dá kún un, nítorí bí omi bá ti móoru sí ni ara ẹja ń yára lo oúnjẹ sí. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sin àrọ̀ ní Kánò kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀n oúnjẹ ìgbà ọyẹ́ bọ́ ẹja rẹ̀ nígbà ooru oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe.

Kí ó máa fún àwọn ọmọ ẹja ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Kí ó máa ṣa àwọn tí ó tóbi sọ́tọ̀. Kí ó sì ṣíji bo omi, nítorí inú òkùnkùn ni ara àrọ̀ ti ń balẹ̀.

Bí ó bá sì ka ọmọ ẹja rẹ̀ tí wọn kò pé, tí òkú kankan kò sì léfòó, kí ó má ṣe yára fẹ̀sùn kan mèígádì. Inú omi ni olè náà lè wà, tí ikùn rẹ̀ yóò ti yọ róńdó.