Ẹ̀rọ Oníbodè Dá Iṣẹ́ Mi Padà Lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin tí ẹ ń fi kóńgò wọn ọjà àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi báírò pupa yẹ iṣẹ́ ọmọ wò, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ẹ̀rọ kan tí kò mọ̀ mí rí, tí kò kí mi, tí kò sì gba ẹ̀bẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò rò pé ẹnì kan tún lè fi àmì pupa sí iṣẹ́ Yorùbá mi láyé yìí mọ́. Ẹ̀rọ ni ó fi í sí i, kò sì lò tó ìṣẹ́jú méjì tí ó fi ṣe é tán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó kó mi wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe ní Ìbàdàn níhìn-ín. Ó wá kí mi ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan, àwọn kan nílé níhìn-ín, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ń kó ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá jọ sínú fóònù, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, orúkọ ewébẹ̀ àti ti ohun èlò ọjà kò tó nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá sọ irú èyí fún olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tú àpótí mi, mo mú ìwé ìkọ̀wé mi àtijọ́ jáde, mo sì yan ọ̀rọ̀ 214 pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn.

Irú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní open source. Wọn kì í fi ìdí iṣẹ́ pamọ́: ẹnikẹ́ni lè wo bí a ti ṣe é, ó lè mú un lò, ó sì lè mú àtúnṣe tirẹ̀ wá. Kí ẹ má ṣe rò pé eré ọmọdé ni o. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, gbé iṣẹ́ tí à ń pè ní Linux jáde sí gbangba, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ti dá sí i láti ìgbà náà. Fóònù Android tí ẹ fi ń wò bóyá owó oníbàárà ti wọlé, Linux ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ń gbé nǹkan wọ ilé kan, tí kò sí ẹni tí ń wo ohun tí wọ́n gbé, ilé náà yóò di ààtàn. Nítorí náà ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi máa ń ní ìwé ìlànà kan lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà gàdàgbà kọ CONTRIBUTING sí lórí, tí yóò sọ bí a ó ti kó iṣẹ́ wá, bí a ó ti tò ó, àti ohun tí wọn kò gbà. Lẹ́yìn ìwé náà ni wọ́n wá fi ẹ̀rọ ṣe oníbodè. Bí ẹnì kan bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà kan níbòmíràn yóò ṣí i, yóò sì yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Bí ó bá pé, àmì àwọ̀ ewé. Bí kò bá pé, àmì pupa, alábòójútó kankan lè má tíì fi ojú kàn án rárá. Wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọjà yìí, ẹnu bodè kan ṣoṣo ni ó ní.

Èmi kò ka ìwé ìlànà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Pupa.

Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ni pé "ọjọ́" tèmi kì í ṣe "ọjọ́" tiwọn. Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rọ ni yóò wá kọ́ mi ní ọjọ́?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Láti ọdún 1991 ni ètò kan tí ń jẹ́ Unicode ti ń fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà. Lẹ́tà ẹ ń jẹ́ 7865, lẹ́tà ọ ń jẹ́ 7885. (Àwọn ará Vietnam náà ń kọ ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n ohùn ni àmì ìsàlẹ̀ ń tọ́ka sí ní tiwọn.) Ṣùgbọ́n ọ tí ó ní àmì òkè lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ń jẹ́ tirẹ̀. Àkànpọ̀ ni. A lè kọ ọ, kí a wá gbé àmì òkè lé e: 7885 àti 769. A lè kọ ó, kí a wá fi àmì sí i nísàlẹ̀: 243 àti 803. A sì lè to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: 111, 803, 769. Lójú ènìyàn, ọ́ kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà tí a kò bá kìlọ̀ fún, àjèjì ni wọ́n sí ara wọn. Ó dà bí kóńgò mẹ́ta tí ẹnu wọn dọ́gba tí inú wọn kò dọ́gba. N kò bá oníkóńgò kankan wí o.

Mo ní kí ni ó kàn mí nínú nọ́ńbà. Ọmọ náà kò fèsì. Ó kó àwọn ọ̀rọ̀ mi sínú fóònù rẹ̀ bí mo ti kọ wọ́n, ó tẹ "ọjọ́" bí fóònù tirẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́, ó ní kí ó wá a. Fóònù ní kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, mo ń fi ojú mi rí i! Mo wo fóònù náà títí. Mo rántí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí fóònù bá sọ fún pé "ọjọ́" kò sí nínú Yorùbá, fóònù ni yóò gbà gbọ́. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti rọ̀. Àṣẹ kan péré ni ó tẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi di ti àkọ́kọ́, 7885 àti 769, bí ìlànà ti wí.

A tún fi ránṣẹ́. Pupa. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni mo fi sí abẹ́ àwọn lẹ́tà kan, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe. Nọ́ńbà ti ìlà yẹn ni 809, Unicode kò sì kà á sí ọ̀kan náà pẹ̀lú àmì roboto, nítorí náà àṣẹ tí ọmọ náà tẹ̀ kò lè tún un ṣe. Ó tún bá "aiyé" àti "ẹiyẹ" níbẹ̀. Ojú tì mí. Láti ọdún 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí ó ní kí a kọ "ayé" àti "ẹyẹ". Èmi fúnra mi ti fi báírò pupa fa ìlà sí "aiyé" àìmọye ọmọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìkọ̀wé tí mo dà kọ, nígbà tí mo wà ní kékeré ni mo kọ ọ́.

Ìgbà kẹta, ìlà kan ṣoṣo ni ó kù: ìlà ìfọwọ́sí. Ọ̀rọ̀ ìlà yìí ní ìtàn. Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ SCO pe IBM lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, ó ní wọ́n kó ohun ìní òun sínú Linux. Ní ọdún 2004 ni àwọn ará Linux wá ṣòfin pé ẹni tó bá mú iṣẹ́ wá yóò kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, láti jẹ́rìí pé òun ni ó ṣe é, tàbí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi í tọrẹ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn sì ti gba òfin náà lò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ìlà kan péré ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ìtumọ̀ 214 yẹn, 31 ni mo dà kọ látinú ìwé atúmọ̀-èdè kan tí ẹni tí ó kọ ọ́ ṣì wà láàyè, n kò yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀. Bóyá ìlà ìfọwọ́sí wà ni ó ń wò, kò lè wo inú ẹni tó kọ ọ́. Mo bi ọmọ náà pé bí ẹni tó ni ìwé bá wá ńkọ́? Ó ní wọn yóò ní láti fa iṣẹ́ mi yọ, àti gbogbo ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá ti kọ́ lé e lórí.

Mo yọ 31 náà kúrò. Àárọ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ sí ọjà Bódìjà pẹ̀lú báírò àti ìwé, tí mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ bí wọ́n ti ń ṣe àpèjúwe nǹkan. Ìyá kan bá mi wí gan-an nítorí mo fẹ́ fi ebòlò ṣe ìtumọ̀ wọ̀rọ̀wọ́. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin kì í jẹ ẹ̀fọ́ nílé yín ni?" Ó já ewé méjèèjì lé mi lọ́wọ́ kí n lọ wò wọ́n. Ìtumọ̀ tí mo rí gbà níbẹ̀ dára ju èyí tí mo jí lọ. Mo fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ sì fún mi ní àmì àwọ̀ ewé.

Mo ti ń jó nínú yàrá nígbà tí ọ̀rọ̀ dé láti ọwọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó wà nínú àwọn alábòójútó: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, igbá ni ìyá mi fi ń bu èlùbọ́ tà. Ìgbá ni èyí tí a ń jẹ." Ẹ gbà mí o! Àmì ohùn kan ni mo fò. Ẹ̀rọ jẹ́ kí ó kọjá nítorí pé igbá wà, ìgbá náà sì wà. Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ ni ó rí i.

Ní ọjọ́ náà ni mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ẹ̀rọ oníbodè lè mú olè. Ó sọ ọ̀rọ̀ xz fún mi. Ètò kékeré kan ni xz, tí ó ń fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux. Ẹnì kan tí ń jẹ́ orúkọ Jia Tan wá síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ gidi fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì, títí wọ́n fi fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó. Ní ọdún 2024 ni ó dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, kí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè wọ kọ̀ǹpútà onílé. Àyẹ̀wò ẹ̀rọ kò rí i. Andres Freund, ẹnjiníà kan ní Microsoft, ni ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà òun ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ó tọ pinpin rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024.

Èmi kò bá oníbodè jà mọ́, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Ìyá tó fi ewé lé mi lọ́wọ́ mọ orúkọ ẹ̀fọ́ ju gbogbo wa lọ, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ Yorùbá ni à ń ṣe, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìlànà, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ fi ń bá ènìyàn wí. Báwo ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ yóò ti wọlé? Mo kọ èyí sí wọn láìfi bò. Wọn kò bínú. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ bá wa kọ ọ́ ní Yorùbá."

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ́, ojú ewé mẹ́rin, pẹ̀lú ebòlò àti wọ̀rọ̀wọ́ fún àpẹẹrẹ. Mo ṣàlàyé nọ́ńbà 7885 níbẹ̀, mo ṣàlàyé "ayé", mo sì fi odindi ojú ewé kan sọ bí ìfọwọ́sí ti ṣe pàtàkì tó. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo fi ránṣẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Pupa. Mo gbàgbé láti fọwọ́ sí i.