Máàkì Ọmọ Yín: Lórí Èló Ni Wọ́n Ti Gbà Á?

Ẹ̀yin òbí wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ká ní ọmọ yín gbé ìwé tẹ́ẹ̀sì méjì wálé: 18 nínú Ìṣirò, 27 nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ òbí á yìn ín fún Gẹ̀ẹ́sì, wọn á sì bá a wí nítorí Ìṣirò. Bẹ́ẹ̀, Ìṣirò gan-an ló ti ṣe dáadáa jù. Lórí 25 ni wọ́n ti máàkì Ìṣirò, lórí 40 ni wọ́n ti máàkì Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó ra gàrí ní kóńgò lọ́wọ́ ìyá kan, tó tún rà á ní agolo mílíkì lọ́wọ́ òmíràn, kò lè mọ èyí tó wọ́n jù àfi tó bá fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn méjèèjì. Òṣùwọ̀n ti máàkì ni pásẹ́ǹtì, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún: ká ní lórí 100 ni ìdánwò náà, èló ni ọmọ ìbá gbà?

Ẹ mú ohun tí ọmọ gbà, ẹ fi gbogbo máàkì ìdánwò náà pín in, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100. 18 ÷ 25 × 100 jẹ́ 72. 27 ÷ 40 × 100 jẹ́ 67.5. Ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín tó láti ṣe é.

Gíréèdì ló kàn, ìyẹn ipele. Òun ni WAEC, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama, máa ń kọ sórí èsì; wọn kì í kọ máàkì síbẹ̀. Bí àwọn olùkọ́ ṣe máa ń fojú dá a nìyí: 75 sókè, A1, 70 sí 74, B2, 65 sí 69, B3, 60 sí 64, C4, 55 sí 59, C5, 50 sí 54, C6, 45 sí 49, D7, 40 sí 44, E8, ohun tí kò bá tó 40, F9. Ìṣirò ọmọ yín wà ní B2, Gẹ̀ẹ́sì wà ní B3.

Ẹ ṣọ́ 50 gidigidi. C6 ni kírẹ́dìtì tó kéré jù, kírẹ́dìtì márùn-ún sì ni fásitì ń béèrè. Bí ọmọ bá ní 49.6, ẹ má sọ ọ́ di 50 láti fi tu ara yín nínú. D7 ni kí ẹ kọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni káàdì òpin táàmù. Níbi tí tẹ́ẹ̀sì ti wà lórí 40, tí ìdánwò sì wà lórí 60, ọmọ lè gba 36 nínú tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn pásẹ́ǹtì 90, kó gba 30 nínú ìdánwò, ìyẹn pásẹ́ǹtì 50. Tí ẹ bá ro 90 pọ̀ mọ́ 50, tí ẹ sì pín in sí méjì, ẹ máa rí 70, ẹ máa rò pé B2 ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò ló wà lórí máàkì tó pọ̀ jù, nítorí náà 36 àti 30 ni kí ẹ rò pọ̀: 66, B3. Lójú tèmi, àlàfo àárín 90 àti 50 yẹn ló yẹ kó kọ yín lóminú ju ipele lọ. Ó lè jẹ́ pé tẹ́ẹ̀sì rọrùn jù, tàbí pé ọmọ ti gbàgbé iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ táàmù.

Ìfojúdá ṣì ni gbogbo èyí. WAEC ló ń pinnu ipele tirẹ̀, ìdánwò wọn sì ní ìbéèrè tí ọmọ máa ń yan ìdáhùn rẹ̀, ti aláròkọ, àti ti yàrá àyẹ̀wò fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo kò lè fi gbogbo ìyẹn hàn. Ẹ kó èsì táàmù mélòó kan jọ láti SS1, kí ẹ sì bẹ olùkọ́ pé kó máa kọ "lórí èló" sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo máàkì tó bá fún ọmọ.