Tẹ̀tẹ̀ Abáláyé ní New York

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ̀ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, bí ìyá mi àgbà bá ti gbé ọwọ́ lé wa lórí, gbólóhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn nìyẹn, àwa náà á sì ṣe àṣẹ. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n nínú wa pé kí ló kan ewé ọbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdánwò. Gbogbo wa la ti rí i lẹ́yìn ilé: a já a lónìí, kò pẹ́ tó fi tún yọ ẹ̀ka, a fà á tu, hóró dúdú wínníwínní tó ti gbọ̀n sílẹ̀ á tún hù bí òjò bá ti rọ̀. Ta ni kò ní fi irú ewé bẹ́ẹ̀ súre fún ọmọ?

Ìrísí rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ewé rẹ̀ rọ̀, orí rẹ̀ ṣóńṣó. Igi rẹ̀ lè tútù yọ̀yọ̀, ó sì lè pọ́n. Òdòdó rẹ̀ nà sókè bí ìrù ológbò. Èyí tó bá ní ẹ̀gún ni tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún.

Ọ̀pọ̀ wa tó wá sí New York rò pé a ti fi tẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ lọ sí Church Avenue ní Flatbush, ní Brooklyn, ẹ béèrè callaloo lọ́wọ́ àwọn ará Jàmáíkà: tẹ̀tẹ̀ ni wọn yóò dì fún yín. Àwọn ará Ṣáínà ń tà á ní Chinatown, òmíràn pupa láàárín ewé, yin choy ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ Bangladesh tó wà ní Jackson Heights ń fi àlùbọ́sà àti ata dín in, wọn a sì fi jẹ ìrẹsì. Àwọn Gíríìkì Astoria ní vlita tiwọn. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á da òróró ólífì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ó parí. Ní ti àwọn ará Mẹ́síkò, hóró rẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn fi ń ṣe oúnjẹ, tí wọ́n sì ń fi mọ ère òrìṣà, títí àwọn ará Sípéènì fi dé ní ọdún 1519 tí wọ́n sì gbógun ti ẹ̀sìn náà àti oúnjẹ rẹ̀. Síbẹ̀, hóró yẹn ò parun. Wọ́n ṣì ń fi oyin pò ó pọ̀ di ìpápánu tí wọ́n ń pè ní alegría. Ìran tẹ̀tẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni gbogbo wọn.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti àwọn ọmọ Lùkùmí. Àwọn ni Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà. Wọ́n gbé òrìṣà lọ, wọ́n sì gbé ìmọ̀ ewé lọ. Nígbà tí Pancho Mora, babaláwo ọmọ Kúbà, dé New York ní 1946, ẹ̀sìn òrìṣà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú yìí. Títí di òní, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù eléwé kan tí wọ́n ń pè ní botánica ní Bronx tàbí East Harlem, ẹ béèrè bledo. Tẹ̀tẹ̀ náà ni, àwọn àgbà wọn sì ṣì ń pè é ní tété. Wọ́n ń gbo ó sínú omi ẹ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gbo tẹ̀tẹ̀, òdúndún àti rinrin pọ̀ nílé láti fi tu orí àti láti fi wá ìtura. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ ní tèmi, ṣùgbọ́n mi ò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú ewé tí orúkọ rẹ̀ la òkun já pẹ̀lú ẹrú tí kò sì sọnù.

Ní ti èèwọ̀ tó bá ewé rìn, èmi a máa yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbà á. Àwọn àgbà ní ewé ń sùn lóru, pé ẹni tó bá fẹ́ já a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí i. Ó dùn ún gbọ́, ó sì lè jẹ́ ejò tó wà nínú igbó ni wọ́n ń sá fún. Ẹ wo ewédú: Al-Hakim tó jọba ní Cairo láti 996 sí 1021 fòfin de jíjẹ rẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn Druze kan kò sì jẹ ẹ́ títí di òní. Àwọn ará Íjíbítì ní tiwọn kò gbọ́. Wọ́n ń tà á ní Steinway Street ní Astoria, ní gígé wẹ́wẹ́, nínú firísà, wọ́n ń pè é ní molokhia. Ẹ ò tiẹ̀ ní nílò ìjábẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni mo gbà gbọ́ jù nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀fọ́. Bí obìnrin bá bímọ tán, wọ́n á ní kó máa jẹ tẹ̀tẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè padà. Iron wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oxalate tó wà nínú ewé náà lè di apá kan rẹ̀ mú. Bíbọ̀ tí ìyá wa ń bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, ń dín oxalate yẹn kù. Tòmátì àti ata tútù tí a ń fi sè é ń ran ara lọ́wọ́ láti gba iron. Epo pupa sì ń jẹ́ kí ara rí fáítámì A inú ewé lò fún ojú. Àwọn tí kò ka ìwé kankan ti to gbogbo èyí sínú ìkòkò kan ṣoṣo! Àwọn kan ń mu omi ewúro nítorí àtọ̀gbẹ, àwọn mìíràn ń po omi ewé tí Ígbò ń pè ní ugu mọ́ mílíìkì nítorí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó sọ fún dókítà kó tó fi ewúro kún un. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má ṣàdédé fi ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ rẹ̀ tàbí kó dín in kù. Fáítámì K inú ewé ń ṣiṣẹ́ lòdì sí i. Ẹni tí òkúta inú kíndìnrín ń dà láàmú náà gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó jẹ tẹ̀tẹ̀ lájẹyó, nítorí oxalate yẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti sọ ẹ̀fọ́ di oúnjẹ àríyá ní ìlú yìí. Àfi kí ṣàkì pé, kí pọ̀nmọ́ pé, kí panla àti edé pé, ká tó gbé ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò kaná ní Sátidé. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata ni, ewé kankan kò sí níbẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó 400 gíráàmù lójúmọ́. Sátidé nìkan kò lè gbé ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ wọ inú ohun tó ti wà lórí iná tẹ́lẹ̀. Ẹ ra ìdì méjì, ẹ já a, ẹ fi omi iyọ̀ ṣàn án, ẹ bọ̀ ọ́ ní ìhó kan, ẹ fún un, ẹ pín in ní ìkúnwọ́ ìkúnwọ́ sínú ọ̀rá, ó di firísà. Bí ẹ bá ń din ẹyin láàárọ̀, ẹ tú ọ̀kan sí i. Bí ẹ̀wà bá kù díẹ̀ kó sọ̀, ẹ dà á lé e. Àsáró láìsí ẹ̀fọ́, aláìpé ni. Ó bá mọ́ínmọ́ín lọ, ó bá núdùlù àwọn ọmọ lọ. Ọmọ tó bá sì kọ̀ láti jẹ ewé, ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ata ọbẹ̀ rẹ̀, kò ní mọ̀.

Ẹ má ṣe já èyí tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà o. Ajá ń tọ̀ sí i, òjé látinú ọ̀dà àtijọ́ àti epo ọkọ̀ sì wà nínú ilẹ̀ ìlú yìí. Ìjọba ìlú ti ní ètò ọgbà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GreenThumb láti 1978, ọgbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì lé ní 550. Ẹ gba ebè onípákó níbẹ̀ tí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ tuntun sí, kí ẹ gbin hóró yín lẹ́yìn ìdajì oṣù May, nítorí tẹ̀tẹ̀ ò fẹ́ òtútù. Kò ní ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí ẹ ó fi máa já a. Ẹni tí kò bá ráyè gbìn ín, kó lọ sí ọjà àwọn àgbẹ̀, irú èyí tí Greenmarket ti ń ná ní Union Square láti 1976. Ẹni tó bá ń fi káàdì SNAP, ìrànwọ́ oúnjẹ ti ìjọba, ra ọjà níbẹ̀ lè gba Health Bucks, ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó $2, tí ẹ̀ka ìlera ìlú náà dá sílẹ̀ ní 2005, kó sì fi ra ẹ̀fọ́ kún ẹ̀fọ́. Ẹ kàn bi wọ́n níbi àgọ́ tí wọ́n ti ń gba káàdì.