Ẹṣin Tó Ń Yé Ẹyin: Ṣé O Mọ Ògòǹgò?

Ya Computer Village n'Ìkẹjà. Dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta géèmù, kí o wo àwòrán ara páálí dáadáa. Ṣé o rí jagunjagun tó jókòó sẹ́yìn ẹyẹ ńlá, tó di ọ̀kọ̀ mú? Ẹyẹ yẹn kì í fò. Eré ló ń sá.

Ṣé o mọ̀ pé ó kéré tán, láti 1982 ni wọ́n ti ń gun ògòǹgò jagun nínú géèmù? Joust lorúkọ géèmù ọdún yẹn. Ní 1988, àwọn ará Japan gbé Chocobo jáde nínú Final Fantasy. Aláwọ̀ ìyeyè ni, ó sì ga ju ẹni tó ń gùn ún lọ.

O rò pé inú géèmù nìkan ló mọ? Rárá o. Wọ́n ti gùn ún rí lójúkorojú. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa níbí sì ni.

Gbọ́ èyí. Lọ́dún 1749, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Michel Adanson dé Podor, létí odò Senegal. Ọmọ ọdún 22 ni. Ewéko àti ẹranko ló ń wò kiri. Ó bá ògòǹgò méjì tí wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì, wọn ò tíì gbó.

Ọmọdé méjì gun èyí tó tóbi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹyẹ ṣe mọ̀ pé ẹrù ti bà lé òun lẹ́yìn báyìí, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ó gbé wọn yí abúlé ká. Ó tún gbé wọn yí i ká. Apá ò ká a, àfi ìgbà tí àwọn èèyàn dínà mọ́ ọn.

Adanson ní kí wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, géńdé ló gùn ún. Ẹnì kan gun èyí tó kéré, ẹni méjì gun èyí tó tóbi. Géńdé méjì lẹ́yìn ẹyẹ kan! Wọ́n kọ́kọ́ rọra ń sáré. Ìgbà tí ara wọn gbóná, wọ́n na apá sí afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀ mọ́. Adanson kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹṣin eré ìje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yára jù, ẹ̀yìn pátápátá ni wọn yóò fi í sí.

Ó tún kù. Ní Alexandria, nílẹ̀ Íjíbítì, ó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn, Ọba Ptolemy Kejì to ìwọ́de ńlá kan. Kẹ̀kẹ́ 8 ni ògòǹgò fà níbẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kà á: ògòǹgò 16!

Ayaba rẹ̀, Arsinoe, ńkọ́? Wọ́n fi idẹ ṣe ère rẹ̀ nílẹ̀ Gíríìsì. Ẹ̀yìn ògòǹgò ni wọ́n gbé e jókòó sí.

Ṣé o mọ bí ẹyẹ yìí ṣe ga tó? Ó lè tó mítà 2.7. Kò lè gba ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rẹ wọlé láìbẹ̀rẹ̀. Ó lè wúwo tó kílò 150. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta gbáko nìyẹn.

Ìka méjì péré ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹyẹ mìíràn láyé tó rí bẹ́ẹ̀.

Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Nínú gbogbo ẹranko eléegun tó ń gbé orí ilẹ̀, kò sí èyí tí ẹyinjú rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ti erin ò tó o. Ẹyinjú kan ṣoṣo tóbi ju ọpọlọ rẹ̀ lọ! Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lógun lọ rò ó wò.

Eré rẹ̀ lè dé kìlómítà 70 ní wákàtí kan. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kan lè tó mítà 5. Corolla kan ò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ ọ̀nà jíjìn, a máa di eré 50 mú. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tó ń gba Agége àti Ìkẹjà kọjá, kìlómítà 27 ni ọ̀nà rẹ̀ láti Agbádó dé Oyíngbò. Ṣírò ó wò. Bí ọ̀nà bá mọ́, ògòǹgò ò ní lo tó ìṣẹ́jú 33. Kò sì ní dúró n'Ìkẹjà já èrò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gùn ún gan-an? Oudtshoorn ní Gúúsù Áfíríkà ni kí o bá mi lọ. Wọ́n á ti ẹyẹ sínú ọgbà igi tóóró kan. Wọ́n á fi àpò aṣọ bò ó lórí. Bí kò bá ti ríran, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ gùn ún á gba orí igi bọ́ sí i lẹ́yìn. Á ki ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ apá ẹyẹ, á fi ọwọ́ di ìdí apá náà mú, á wá fẹ̀yìn sẹ́yìn. Kò sí ìjánu. Kò sí gàárì. Wọ́n fa àpò yọ, ó di eré! Àwọn ọmọkùnrin méjì á máa sá tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè gbá ẹni tó bá já bọ́ mú.

Àwọn oko kan níbẹ̀ ti fi òpin sí gígùn náà, nítorí ó ń ni ẹyẹ lára. Wọ́n ṣe dáadáa.

Jẹ́ ká ní o fẹ́ fúnra rẹ sin ògòǹgò tí yóò jẹ́ ọmọ ogun rẹ. Ẹyin kan wúwo tó kílò 1.4. Ẹyin adìẹ 24 ló tó o. Ó kù díẹ̀ kó pé kéréètì kan! Bí o bá fẹ́ sè é kó gan, wákàtí kan ààbọ̀ ni. Fi búrẹ́dì Agége tì í, gbogbo ilé á yó.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan tó jù ú lọ ti wà rí? Ní erékùṣù Madagascar, ẹyẹ ńlá kan wà tí kò sí mọ́ báyìí, Aepyornis. Ẹyin rẹ̀ kan tó ẹyin adìẹ 150. Kéréètì márùn-ún nínú èèpo kan!

Ọjọ́ 21 ni adìẹ fi ń sàba. Ti ògòǹgò jẹ́ 42, ìlọ́po méjì rẹ́gí. Abo ló ń sàba lọ́sàn-án. Lóru ńkọ́? Akọ ni!

Ọmọ rẹ̀ a máa fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ga sí i lóṣù kan. Gígùn rúlà ọmọ iléèwé, lóṣooṣù.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Àwọn onímọ̀ kan ṣọ́ ògòǹgò nínú oko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rí i pé èèyàn tó ń tọ́jú wọn ni wọ́n ń kọ ẹnu ìfẹ́ sí. Akọ á wólẹ̀, á na apá, á máa mi ọrùn sọ́tùn-ún sósì níwájú olùtọ́jú. Iṣẹ́ yẹn gba ẹ̀bùn Ig Nobel ní 2002.

Oúnjẹ ńkọ́? Bíi kílò 2 lójúmọ́ fún ẹyẹ kan. Ìkẹjà kúkú nilé oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Láti 1963 ni ilé iṣẹ́ Livestock Feeds ti wà. Àpò kílò 25 kan, ẹyẹ kan á jẹ ẹ́ fún ọjọ́ 12. Bí wọ́n bá jẹ́ 100 ńkọ́? Àpò 8 lójoojúmọ́! Ògòǹgò ò ní eyín. Òkúta ló ń gbé mì kó lè lọ oúnjẹ.

Ṣé ó lè jà? Iwájú ló máa ń ta ìpá sí. Ìpá kan lè pa kìnnìún.

Ẹyẹ tí kì í fò ti bá ológun jà rí o, ó sì borí! Ọsirélíà, oṣù kọkànlá 1932. Àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní emu, bíi 20,000, ya wọ oko àlìkámà. Ìjọba rán Ọ̀gágun Meredith sí wọn. Ìbọn arọ̀jò-ọta méjì, ọta 10,000. Emu ò dúró. Wọ́n pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn sójà lúgọ de ẹyẹ tó lé ní 1,000 létí ìsédò kan. Wọ́n pa bíi 12, ìbọn há. Wọ́n gbé ìbọn sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ ò bá ẹyẹ! Nígbẹ̀yìn, Meredith ní ẹyẹ 986 ni àwọn fi ọta 9,860 pa. Ọta mẹ́wàá fún ẹyẹ kan. Emu ṣì kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Nílé wa ńkọ́? Òkè ọya ni ẹṣin ogun Ọ̀yọ́ ti ń wá. Òkè ọya náà ni ògòǹgò ń gbé nígbà náà. Ẹṣin ni wọ́n gùn, ògòǹgò ni wọ́n fi jọba. Ní 1938 tí ìwé Fágúnwà àkọ́kọ́ jáde, ògòǹgò náà ni ọba ìlú àwọn ẹyẹ tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé náà, dé.

Ní 1911, àwọn ará Gúúsù Áfíríkà wá sí Kano tìtorí ìyẹ́ ògòǹgò wa. Thornton ló ṣáájú wọn. Wọ́n kó ẹyẹ tó lé ní 100 lọ. Lásìkò yẹn, wúrà, dáyámọ́ńdì àti irun àgùntàn nìkan ló ń pawó ju ìyẹ́ ògòǹgò lọ nínú ọjà tí wọ́n ń tà sókè òkun!

Ògòǹgò ọlọ́rùn pupa wa ti wá ṣọ̀wọ́n gan-an nínú ìgbẹ́ báyìí. Ní Kellé, nílẹ̀ Niger, wọ́n ń sin ín kó má bàa tán. Òfin àgbáyé ti ka títa èyí tó wá láti ìgbẹ́ orílẹ̀-èdè 12 sí ilẹ̀ òkèèrè léèwọ̀. Nàìjíríà àti Senegal wà nínú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹyin, awọ tàbí ìyẹ́ rẹ̀ wá bá ọ, kọ́kọ́ bi í pé oko wo ló ti rí i. Bó bá jẹ́ ti ìgbẹ́, jọ̀ọ́, má rà á.