Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ọ̀rọ̀ Nọ́ńbà 4,294,967,297

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ìṣirò, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò fẹ́ ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan tó wà ní ìdálẹ̀ bíi tiwa ni mo fẹ́ sọ.

Àgbà náà ni Pierre de Fermat, amòfin ará Faransé. Ìṣirò kọ́ ni iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀, síbẹ̀ òdú ni nínú rẹ̀. Ní 1640, ó kọ̀wé nípa àwọn nọ́ńbà kan. Ẹ mú 2. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìgbà 2, ó di 4. Ẹ sọ 4 di púpọ̀ ní ìgbà 4, ó di 16. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó ṣe dé 256 àti 65,536. Ẹ wá fi 1 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: 3, 5, 17, 257, 65,537. Yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà tó lè pín ọ̀kankan nínú wọn láìṣẹ́ kù.

Èyí tó tẹ̀ lé wọn ni 4,294,967,297. Bí a bá kà á bí àwọn baba wa ti ń ka owó ẹyọ, tí òkẹ́ kan jẹ́ 20,000, òkẹ́ 214,748 ni, pẹ̀lú ẹyọ 7,297. Fermat gbà pé òun náà kò ṣeé pín, ṣùgbọ́n ó sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé òun kò ní ẹ̀rí.

Ní 1732 ni ọ̀dọ́ náà, Leonhard Euler, dá sí i. Ọmọ Switzerland ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, ọmọ ọdún 25 sì ni. Ó ní 641 pín in geere, ó sì jẹ́ 6,700,417.

Báwo ni a ṣe lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Euler náà ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé nọ́ńbàkínọ́ńbà tó bá pín èyí gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku 1 bí a bá fi 64 pín òun náà. Nítorí náà, kò sí ìdí láti dán 3 tàbí 7 wò rárá. 65, 129, 193 àti irú wọn ló kù. Bí a bá yọ àwọn tó ṣeé pín nínú wọn, 193, 257, 449 àti 577 nìkan ni a ó dán wò kí a tó kan 641. Ìgbà karùn-ún péré!

Títí di òní, márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni a mọ̀ tí kò ṣeé pín. Àpẹẹrẹ márùn-ún tó dára kò tó ẹ̀rí.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n wa bá ní nǹkan kan hàn gbangba, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀wọ̀ gbé bírò, ká ṣírò ó wò. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní: ẹ sọ 6,700,417 di púpọ̀ ní ìgbà 641.