Èékánná Jẹ́ẹ̀lì Tó Ń Ṣí, Ìka Tó Ń Dunni: Ọ̀rọ̀ fún Oníbàárà àti Oníṣẹ́

Ọ̀rọ̀ owó orí àti owó báǹkì ni a sábà máa ń mú wá sí ojú ewé òwò yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èékánná ló kàn lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má sì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ èékánná ti di iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin wa. Àwọn kan ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn mìíràn ń ṣe é ní báásìmẹ́ǹtì ilé wọn. Àwọn ìyá àti àwọn aya wa ni oníbàárà wọn. Tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò jọ máa fa ọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ tí a ń gbọ́ jọ ara wọn. Obìnrin kan ṣe jẹ́ẹ̀lì gígùn nítorí òde ọjọ́ Sátidé. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ìdí èékánná ti ń ṣí, irun orí ń há sí i. Ó ra gúlù, ó fi lẹ̀ ẹ́ padà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìka ń ro ó, kò lè di bẹ́líìtì ọkọ̀, ká má tíì sọ pé yóò ro àmàlà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ pé ṣíṣí méjì ló wà. Èkínní ni kí jẹ́ẹ̀lì ṣí kúrò lára èékánná. Èyí kì í sábà dunni, tí a bá tètè tú u kúrò bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. Èkejì ni kí èékánná fúnra rẹ̀ ṣí kúrò lára ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí a bá tú jẹ́ẹ̀lì kúrò, ibẹ̀ máa ń funfun tàbí kí ó pọ́n rúsúrúsú. Ibi tó ti ṣí báyìí kò ní lẹ̀ mọ́ ẹran padà, gúlù kankan kò sì lè mú un lẹ̀. Àfi kí èékánná tuntun hù dé ibẹ̀. Èékánná ọwọ́ ń hù ní nǹkan bíi mìlímítà 3 lóṣù kan, nítorí náà ó lè tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí gbogbo rẹ̀ tó pààrọ̀.

Kí ló ń fà á? Nígbà mìíràn, òróró tàbí omi ló wà lórí èékánná kí wọ́n tó fi jẹ́ẹ̀lì sí i, tàbí kí awọ tín-ín-rín tó wà ní ìdí rẹ̀ má kúrò tán. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń ṣe é ti fi ẹ̀rọ tó ń yí bó o jù, èékánná wá fẹ́lẹ́ bíi bébà. Irú èékánná bẹ́ẹ̀ ni iná láńbù máa ń jó, nítorí jẹ́ẹ̀lì ń mú ooru jáde bó ṣe ń le. Tí ó bá ta yín lábẹ́ láńbù, ẹ fa ọwọ́ yín yọ, ẹ má ṣe fara dà á nítorí ojú tì yín. Gígùn náà ń dá kún un. Èékánná gígùn dà bí ṣíbí tí a fi ń ṣí ìdérí agolo: tí orí rẹ̀ bá gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀, ìdí rẹ̀ ni agbára náà ń lọ.

Tí ó bá ti ṣí tí ó sì ń dunni, ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má ṣe já a, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jẹ́ẹ̀lì tuntun bo ojú rẹ̀. Omi á há sábẹ́ rẹ̀, kòkòrò àrùn kan á sì lè sọ èékánná di àwọ̀ ewé. Ẹ gé e kúrú lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ bi ẹni tó ṣe é léèrè irú jẹ́ẹ̀lì tó lò, nítorí àwọn kan ń yọ́ nínú asítóònù, àwọn tó le kì í yọ́ rárá, fáìlì ni wọ́n fi ń dín wọn kù, iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ni. Fún èyí tó ń yọ́, ẹ fi fáìlì ha ojú rẹ̀, ẹ fi òwú tí a rẹ sínú asítóònù dì í, ẹ fi fọ́ìlì wé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Èyí tí kò bá bọ́, ẹ tún un wé, ẹ má fi irin yọ ọ́. Lẹ́yìn èyí, èékánná kúkúrú, ọwọ́ gbígbẹ, ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ bá ń fọ abọ́, àti òrí díẹ̀ sí awọ ìdí rẹ̀ lálẹ́. Ẹ má ki nǹkan kan bọ abẹ́ rẹ̀ láti fi nù ún. Tí ó bá wú, tí ó gbóná, tí ọyún bá wà níbẹ̀, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà, pàápàá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni ti ẹni tí ara rẹ̀ kọ jẹ́ẹ̀lì. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní acrylate ló wà nínú rẹ̀. Tí ó bá ta sí awọ kí iná tó mú un le, tàbí tí láńbù kò bá bá jẹ́ẹ̀lì náà mu tí kò fi le tán, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́: ìka á máa yún, á máa lé ròrò, á máa là. Nígbà mìíràn ìpéǹpéjú àti ọrùn ló ń wú, ẹni náà á sì máa bú ọṣẹ tó fi wẹ̀. Àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà fi acrylate ṣe ohun tí kí àwọn èèyàn ṣọ́ra fún lọ́dún 2012. Tí ara bá ti kọ̀ ọ́, ó sábà máa ń kọ̀ ọ́ títí láé ni, irú kẹ́míkà yìí sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń dí eyín àti nínú gúlù àwọn ẹ̀rọ kan tí a ń lẹ̀ mọ́ ara láti fi wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́, ẹ̀yin ni ewu yìí sún mọ́ jù, torí ojoojúmọ́ ni ẹ ń fọwọ́ kàn án. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà lásán kì í dá a dúró pẹ́. Náítírìlì dára jù ú, ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ti sọ pé ọwọ́ oníṣẹ́ nìkan ni jẹ́ẹ̀lì tó ní HEMA gbọ́dọ̀ wà, wọ́n sì fòfin de TPO nínú ọjà èékánná láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó ra ọjà olówó pọ́ọ́kú. Ní Maryland, ẹni tó ń ṣe èékánná gbowó ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ State Board of Cosmetologists, ẹ̀kọ́ wákàtí 250 ni ilé ìwé rẹ̀, ibi tí a ti ń ṣe é náà sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Lójú tiwa, oníṣẹ́ tí èékánná tó ṣe bá ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ kan yẹ kó tú u láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó, ẹ rántí pé CDC ti sọ láti ọdún 2002 pé kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn tí àrùn lè tètè mú má ṣe lo èékánná àlẹ̀mọ́. Ẹ bèèrè òfin ibi iṣẹ́ yín kí ẹ tó náwó.

Ọmọbìnrin tó bá ń fẹ́ gba ìwé àṣẹ, kí ó rí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀. A ó jọ wo fọ́ọ̀mù náà.